Ọmọ Náà Ti Mọ̀wé

Abẹ fẹ́lẹ́ ni màmá aládùúgbò mi mú dání. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó gbé ike oògùn funfun kan lé itan, ó ń họ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Á họ ọ́ díẹ̀, á fẹ́ ẹ̀rún rẹ̀ dànù, á tún máa họ ọ́ lọ. Mo rò pé ó fẹ́ máa rọ iyọ̀ sínú ike náà ni. Mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ fẹ́ fi ike yẹn ṣe?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọmọ yẹn ti mọ̀wé."

Mo mọ oògùn tó wà nínú ike náà. Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lóru ọjọ́ tí ibà gbé ọmọ náà dè, tí a jọ ń wá ọkọ̀ ní títì Àgbádárìgì, tó sì di dandan kí ẹnì kan tó lè bá dókítà sọ̀rọ̀ mọ ohun tí ọmọ náà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Kòkòrò HIV wà lára ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ara ìyá rẹ̀ ló ti kó o, ìyá náà sì ti kú. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà fi dá ilé náà mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan ohun tí ẹnu wọn sọ.

Màmá kan náà yìí ló jó lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ dánfó sókè ketekete. Ata àti tòmátò ló ń tà ní Ìyànà-Ìbà. Owó ata ló fi ń san owó ilé ìwé, owó ata ló fi ń ra ìwé, owó ata ló fi ń gba olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ náà nírọ̀lẹ́. Ní àdúgbò tiwa, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, títí lọ dé Ìjànikin ní ilẹ̀ Ọ̀tọ̀-Àwórì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, a kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá níwájú Yunifásítì LASU, ìyá á fọwọ́ tọ́ka, á ní, "Wò ó, ibẹ̀ lo máa wọ̀." A ń sanwó kí ọmọ lè kàwé. Ọmọ wá mọ̀ ọ́n kà tán, a wá ń fi abẹ wá ohun tí yóò kà nù.

Mo sì ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí abẹ náà ti pẹ́ dé. Ọmọ yìí ti ń ka nǹkan tipẹ́ kí olùkọ́ tó fi Á-Bí-Dí hàn án. Nígbà tó kéré, oògùn olómi kan ló ń lò tó korò gan-an. Màmá á dì í mú, á fún un mu, á fi ṣúgà tì í lẹ́yìn, á ní fítámì ni. Àwọn ọmọ yòókù nínú ilé ń lo fítámì tiwọn, wọ́n ń lá ẹnu, wọ́n ń tọrọ sí i. Ahọ́n ọmọ náà mọ̀ pé fítámì tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 2021 ni oògùn tuntun fún àwọn ọmọdé dé sí Nàìjíríà, ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ rí i gbà. Hóró tó ń yọ́ nínú omi ni, wọ́n sì fi adùn èso sí i. Ìjà àràárọ̀ dópin nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbé ìbéèrè sínú fún ọdún púpọ̀ kò jù ú nù nítorí pé oògùn ti dùn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ gba oògùn náà tún wà níbẹ̀. Wọn kì í gbà á nítòsí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó: ẹni tó ń gbé ní Òkokomaikò á wọkọ̀ lọ sí Yábàá tàbí Ìdí-Àràbà, kí ó má baà ṣe kòńgẹ́ ojúlùmọ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ẹni tó bá mọ títì Àgbádárìgì mọ irú ìyà tí mò ń sọ. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ní yóò dé Òkokomaikò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló sì mọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ní, "Màmá, ṣebí hóspítù wà nítòsí wa?" Màmá ní dókítà ibi tí àwọn ń lọ ló mọṣẹ́. Ọmọ náà gbà. Nígbà tó yá, inú ń run ún, wọ́n sì gbé e lọ sí hóspítù ìtòsí. Ó tún wo màmá lójú, ó ní, "Ṣé dókítà ibí náà ti wá mọṣẹ́ ni?"

Èmi náà dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọmọdé. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kú, wọ́n sọ fún àwa ọmọ pé ó rìnrìn àjò lọ sí Òkè Ọya. Wọ́n fi ẹ̀rín sọ ọ́, wọ́n tún fún wa ní bisikíìtì. Ẹnu wọn sọ ọ́ dáadáa, ojú wọn ni kò gbà. Bí a bá wọ yàrá, àwọn obìnrin á dákẹ́. Wọn kò bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ mọ́ lálẹ́. Ẹni tó rìnrìn àjò, ṣebí ó máa padà wá jẹun? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ̀ pé ó ti kú, a ò sì sọ ọ́ láàárín ara wa, nítorí a ti rí i lára àwọn àgbà pé èyí jẹ́ ohun tí ẹnu kì í kàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọmọ tí kò tíì lè kà dé ẹ̀fà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn pé ṣé kí a sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àbí kí a má sọ, ó máa ń jọ mí lójú pé a ti pẹ́ níbi ìjíròrò náà. A ti ń sọ fún un. Ike tí a họ ìwé ara rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn tí a ń tì kí a tó lo oògùn ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ méjì tí a wọ̀ kọjá hóspítù ìtòsí ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé nǹkan kan wà lára òun tó burú débi pé àwọn tó fẹ́ràn òun jù lọ kò lè fi ẹnu pè é. Ọmọ náà kò tíì mọ orúkọ kòkòrò náà, ìtìjú rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

Síbẹ̀, mi ò lè dá màmá lẹ́bi, n kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dá a lẹ́bi. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn baba wa kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ ní gbangba, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ìbẹ̀rù ẹnu ọmọdé tún wà, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá mọ ọ̀ràn tó ń sọ. Ní ilé tó gbé kí ó tó kó dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, àwọn aráalé ya kórobá rẹ̀ sọ́tọ̀ nídìí kànga. Kò sí ẹni tó bá a jà. Wọ́n kàn yà á sọ́tọ̀. Kí ọdún tó parí, onílé ní kí ó wá ibòmíràn gbà.

Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2014. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi HIV lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí lé ọmọ kúrò ní ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi tipátipá mú ènìyàn sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òfin tó dára ni, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó jà fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìdí kànga. Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ilé ìdáná jẹ́ ọ̀kan, tí ilé ìwẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ẹ ó mọ̀ pé ohun tó lè lé ènìyàn jáde níbẹ̀ kò ju ojú tí wọ́n fi ń wò ó lọ.

Ìbẹ̀rù aráalé tóbi, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Níjọ́ kan, a jọ ń ṣa ata tó ti rà kúrò lára èyí tó dára, màmá ṣàdédé ní: "Bí mo bá sọ fún un, yóò bi mí pé báwo ló ṣe dé ara òun. Ọmọ mi ló kú yẹn o. Ṣé èmi ni kí n wá bà á lórúkọ jẹ́ lójú ọmọ tó bí?"

Mo dákẹ́. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, orí ọmọ ló ń dá lé: ọjọ́ orí rẹ̀, òye rẹ̀, bóyá yóò sunkún, bóyá yóò lọ sọ ọ́ kiri. Ọ̀rọ̀ òkú ni màmá ń sọ ní tirẹ̀. Àṣírí tó ń fi abẹ ṣọ́ kì í ṣe ti ọmọ náà nìkan. Ìyá tó bá fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kòkòrò yìí wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ nípa ara tirẹ̀. Bàbá gbọ́dọ̀ sọ nípa ara rẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́dọ̀ sọ nípa ọmọ rẹ̀ tó ti lọ. Ta ló fẹ́ràn kí ọmọ máa fojú inú wo ohun tí òbí rẹ̀ ṣe lóru? Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1985, níhìn-ín ní Èkó, ni wọ́n ti rí àwọn méjì àkọ́kọ́ tí àrùn éèdì mú ní Nàìjíríà, láti ìgbà náà ni a sì ti ń fi ìwà àgbèrè ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà jẹ́ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13. Ọmọ ọdún 13! Ẹni tó bá gbọ́ èyí tó ṣì ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀, kí ó lọ wá a láàárín àwọn àgbà.

Ìdáhùn wà fún ìbéèrè tí màmá ń sá fún, ó sì ṣeé sọ láìba òkú lórúkọ jẹ́. Kòkòrò náà ń kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ nínú oyún, nígbà ìrọbí, tàbí nínú omi ọyàn. Nínú 100 ọmọ tí àwọn ìyá tó ní i bá bí láìsí ìtọ́jú kankan, 15 sí 45 ni yóò kó o. Bí ìyá bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, iye náà lè má tó 5. Ohun tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti hóró oògùn. Ọmọ màmá kò mọ̀. Ilé agbẹ̀bí kan ló bímọ sí, kò sì sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó bímọ, ó fún un lọ́yàn, ó pọ̀n ọ́n. Ohun tí gbogbo abiyamọ ń ṣe ló ṣe.

Mo máa ń ronú kan Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni àbúrò rẹ̀, Fẹlá, kú. Lọ́jọ́ kejì ikú náà, ó jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni. Àwọn kan kò gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn bínú pé kí ló dé tó fi tú àṣírí ọmọ ìyá rẹ̀. A sábà máa ń rántí pé ó ti ṣe mínísítà ìlera rí. Ohun tí èmi kì í gbàgbé ni pé dókítà àwọn ọmọdé ni. Ọkùnrin tó lo ayé rẹ̀ níwájú àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn, ó mọ̀ pé a lè pe orúkọ àrùn kan kí a má sì fi ṣe ẹ̀sùn sí ẹni tó mú. Kò bú àbúrò rẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀. Ó sọ ohun tó pa á. Síbẹ̀, èrò ya bo Tafawa Balewa Square láti dágbére fún Fẹlá. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ni Fẹlá, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́yìn ikú. Mo kàn ń wò ó pé ẹbí kan ti ṣe é rí, lójú gbogbo ènìyàn, orúkọ ẹbí náà sì wà síbẹ̀ pẹ̀lú ọlá.

Lọ́dún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ti tó ilé ìwé lọ, láti bí ọdún 6 sí 12, yẹ kí wọ́n mọ ohun tó wà lára wọn. Àwọn tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a máa sọ ọ́ fún wọn díẹ̀díẹ̀ bí òye wọn bá ṣe ń pọ̀. Wọ́n ní àǹfààní wà níbẹ̀ fún ìlera ọmọ, ẹ̀rí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí pé ó ń pa ọkàn ọmọ lára. Lọ́dún kan náà, àwọn dókítà hóspítù UCH ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ọdún 6 sí 14 tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń lo oògùn sí kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Ìlànà wà lórí tábìlì, abẹ fẹ́lẹ́ wà lọ́wọ́ ẹbí.

Ohun tó mú kí abẹ kúrò lọ́wọ́ màmá kì í ṣe ìlànà. Nọ́ọ̀sì kan ni, obìnrin tí kì í kánjú. Ó ti kọ́kọ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀ láìpe orúkọ kòkòrò. Ní ọ̀dọ̀ tiwa tí bárékè Ọ̀jọ́ wà, kò sí ọmọ tí kò mọ sójà. Nọ́ọ̀sì ní sójà wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lé àìsàn. Kòkòrò kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ tó fẹ́ máa pa àwọn sójà náà. Oògùn tí o ń lò ló ń mú kòkòrò náà sùn. Bí o bá pa oògùn jẹ, yóò jí. Ọmọ náà bi í pé ṣé kòkòrò náà kò ní kú láé. Ẹlòmíràn ì bá fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án. Nọ́ọ̀sì ní, "Kò tíì sí oògùn tó ń pa á tán. Ṣùgbọ́n ó lè sùn títí o fi máa darúgbó."

Ọ̀dọ̀ màmá ni iṣẹ́ gidi wà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ̀rọ̀ bíba òkú lórúkọ jẹ́ yẹn, kò jà á níyàn. Ó ní kí màmá sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ fún òun. Irú oúnjẹ wo ló fẹ́ràn? Ṣé ó máa ń kọrin? Ta ló fún ọmọ ní orúkọ tó ń jẹ́? Màmá sọ̀rọ̀, ó sunkún, wọ́n sì padà sílé láìtíì dárúkọ HIV. Nígbà tí wọ́n tún lọ, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, bí ọmọ yìí bá dàgbà, kí lẹ fẹ́ kó mọ̀ nípa ìyá rẹ̀?" Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nígbà tí ọmọ wà níta: nọ́ọ̀sì á ṣe bí ọmọ, màmá á dáhùn. "Màmá, ta ló kó o ràn mí?" "Màmá, ṣé mo máa kú?" "Màmá, ṣé irọ́ lẹ ń pa fún mi láti ọjọ́ yìí?" Màmá ní èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló le jù. Ó ṣubú lórí rẹ̀ léraléra kó tó rí èsì rẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, mo pè é ní fítámì. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo fẹ́ kí o dàgbà díẹ̀ sí i."

Mo rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí nílò nìyí, ó sì ṣọ̀wọ́n. A máa ń fún wọn ní ìwé, a máa ń fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá, a máa ń sọ fún wọn pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ya ẹnu sọ ọ́ ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, tàbí ó ń tijú, tàbí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dárí ji ara rẹ̀. Bí kò bá rí ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, níbo ló ti fẹ́ rí ohùn tí yóò fi bá ọmọ sọ̀rọ̀?

Bí a bá sì dúró títí tí ọmọ yóò fi wá a rí fúnra rẹ̀, ohun mìíràn ni yóò wá rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí mo mọ̀ ní apá Ìbà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 16 nígbà tó tẹ orúkọ oògùn rẹ̀ sínú Google lóru, lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó ní ohun tó rí lórí fóònù kò dun òun tó ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnu kò ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pe àǹtí wọn ní Festac, ẹnu kò ya ìyẹn náà. "Gbogbo wọn ló mọ̀," ó ní. "Wọ́n ń jẹun pẹ̀lú mi, wọ́n ń bá mi ṣeré, gbogbo wọn ló mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀." Ó bá da oògùn náà dúró. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kòkòrò tó ti ń sùn ti jí, ó sì ti pọ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ ló mú un padà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní òdo mẹ́ta tí wọ́n ń lépa: ọjọ́ hóspítù tí wọ́n pa jẹ, òdo, oògùn tí wọ́n pa jẹ, òdo, kòkòrò tí ẹ̀rọ lè rí nínú ẹ̀jẹ̀, òdo. Láàárín wọn ló ti béèrè ohun tí kò lè bi bàbá rẹ̀. Ṣé òun lè ní ìyàwó? Ṣé òun lè bí ọmọ tí kò ní i? Ìdáhùn méjèèjì ni bẹ́ẹ̀ ni, ìmọ̀ ìṣègùn sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó ń lo oògùn títí tí ẹ̀rọ kò fi rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rántí pé ìròyìn ayọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ ní gbogbo àkókò tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń dákẹ́. Wọ́n fi í pa mọ́ fún un pẹ̀lú èyí tó burú.

Màmá ti sọ ọ́ báyìí. Mi ò sí níbẹ̀, òun ló ròyìn fún mi. Ní yàrá nọ́ọ̀sì ni, màmá ló sọ ọ́, nọ́ọ̀sì kàn jókòó tì wọ́n ni. Ó pe orúkọ kòkòrò náà, ó ní ara ìyá rẹ̀ ló ti wá, ó ní ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé ìdí tí a fi ń wá síbí nìyẹn, tí a kì í lọ sí tòsí ilé?" Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé òun ló pa mọ́mì mi?" Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé fítámì kọ́. Lẹ́yìn náà ó ní ebi ń pa òun.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ọmọ náà fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Màmá yarí. Ọmọ ní, "Ṣebí èmi ni mo ni ín?" Bí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, Nkosi Johnson ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọmọ ilẹ̀ South Africa tó gbé kòkòrò náà wáyé, tí ilé ìwé kan lọ́ra láti gbà wọlé lọ́dún 1997, tó sì dìde níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Durban lọ́dún 2000 láti sọ ìtàn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ẹnu ọmọdé tí a ń bẹ̀rù ló ṣí ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ni ìtàn rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tiwa náà ló ni tirẹ̀. Títí di àná, àwa àgbà là ń pín in kiri láìbi í. Èmi gan-an mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé kẹta sí tiwa ni ọ̀rẹ́ náà ń gbé, ìdí kànga kan náà ni gbogbo wa ti ń pọn omi, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń ra ata lọ́wọ́ màmá. Ọmọ náà ní kí n bá òun bẹ màmá. Mo ní kí a kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bá tún lọ gba oògùn. Ó gbà. Ó wá bi mí pé bí nọ́ọ̀sì bá ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣé n ó wà lẹ́yìn òun, kódà bí màmá bá bínú sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.